Ẹ Jẹ́ Kí N Sọ Ọ́ Tán

Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ọmọ Yunifásítì fún mi ní ìwé yìí lónìí. Ó ní kí n máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnu mi sínú ẹ̀. Mo ní, "Ṣé ohun tí mo bá jẹ ni?" Ó dúró díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kó dá òun lójú pé mo ti sọ ọ́ tán.

Ìwádìí ló ń ṣe nípa àwa akólòlò. Ó fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára wa, àti irú ẹni tí a rò pé a jẹ́. Aṣọ ló gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fọṣọ. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń ka iye aṣọ ẹ̀ fún un, ni ojú ẹ̀ bá tàn bí ẹni rí owó he. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ẹni tí ẹnu mi dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sọ fún un pé ìwé mi ò pọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò, torí tíṣà wa gbà pé ẹni tí ò bá lè kàwé sókè, ẹgba ló máa là á lóhùn. Kò là á. Ó ní kò burú, kí n ṣáà kọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo ní tí mo bá kọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́, ìwé ẹ̀ ò ní tó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Òjò. Aṣọ ò gbẹ. Ọṣẹ tún ti gbówó lórí, ọ̀gá mi obìnrin ní ká máa bù ú bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ọkùnrin kan wá gba aṣọ. Mo gbé láílọ́ọ̀nù fún un tán kí n tó rí i pé kì í ṣe tiẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, k-k-k..." Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe tiyín nìyẹn. Ó ní, "Kò sí wàhálà, mo ti sanwó." Mo ní, "K-k-k..." Ó ní, "Kí Ọlọ́run bùkún ìwọ náà." Ó ti lọ.

Yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì ló gbé lọ.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ó ti padà dé, òun àtìyàwó ẹ̀. Ìyàwó ló gbé láílọ́ọ̀nù dání. Obìnrin yẹn ò bèèrè aṣọ o, bí ọkọ ẹ̀ ṣe mọ nọ́ọ̀sì ló ń bèèrè. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Èmi! Kí n tó ṣàlàyé dé ìdajì, ọkọ ti jẹ́wọ́ àlè kan tí a ò bi í léèrè.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu Tíńtín, ọmọ mi, tí mo ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Mo ní bóyá eré ló ń ṣe.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa lónìí. Tíńtín sáré pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "M-m-m-màmá àgbà!" Ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ fi gbé e dúró sínú afẹ́fẹ́. Wọ́n wo ọmọ. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o ti kó o ràn án."

Mo fẹ́ dáhùn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní, "Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu. Ẹnu ìyá ni ọmọ ń wò kó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé, kó tó wọ̀ ọ́ lára."

Ọkọ mi ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ ńlá kan. Ó lè dá tírélà dúró, àmọ́ kò lè dá ìyá ẹ̀ dúró. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òjò dá díẹ̀ ná." Wọ́n ní àwọn fún wa di ìparí oṣù keje. Tí ẹnu Tíńtín ò bá tíì tọ́ nígbà náà, ká ti di ẹrù ẹ̀ sílẹ̀ de àwọn.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Tíńtín bèèrè omi láàárọ̀. Kó tó pe omi tán, mo ti bu omi fún un. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni èwo.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọmọ Yunifásítì kó àwa akólòlò jọ sínú yàrá kan, ó ní ká sọ ẹni tí a jẹ́ fún ara wa. Ẹni mẹ́fà ni wá. Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi kan ẹni kẹfà, tíì tí wọ́n gbé fún wa ti tutù, ẹni tó kọ́kọ́ sọ tiẹ̀ sì ti sùn lọ.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ há sí lẹ́nu á há títí, àwa yòókù á máa wo bàtà wa, títí tó fi máa jáde.

Télọ̀ kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà. Ó ní òun kì í sọ ohun tí òun fẹ́, ohun tí ẹnu bá gbà lòun ń sọ. Ó ní ẹran lòun máa ń fẹ́ jẹ, ẹja lòun máa ń rà. Ó ní ọmọbìnrin kan wà tóun fẹ́ràn nígbà ọ̀dọ́, àmọ́ òun ò lè pe orúkọ ẹ̀ níwájú bàbá ẹ̀. Mo ní, "Kí lẹ wá ṣe?" Ó ní, "Mo f-f-fẹ́ àbúrò ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà a tún bẹ̀rẹ̀ sí wo bàtà wa, torí ó hàn pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Mo bi Ọmọ Yunifásítì bóyá ó máa ń ràn. Ó ní rárá, kì í ràn, kò sẹ́ni tó ń kó o lára ẹlòmíì. Inú mi dùn. Ó wá fi kún un pé nínú àwọn ẹbí kan, ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ì bá ti dákẹ́ síbi tí inú mi ti dùn yẹn.

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo bá ọkọ mi lọ kí ìyá ẹ̀. Mo ní kó bá mi sọ ọ́ fún wọn pé àwọn alákọ̀wé ní kì í ràn. Ó sọ ọ́. Wọ́n gbọ́. Wọ́n fẹ́ gbà. Ọkọ mi tó jẹ́ pé olóòótọ́ ni, ó wá fi ti ẹ̀jẹ̀ kún un.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Ẹ̀jẹ̀! Àrùn tó ń ràn kúkú sàn, èèyàn lè jìnnà sí i. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, tí ìyá ẹ̀ tún ń fi ẹnu ta á lómi láràárọ̀, kí ló fẹ́ dá a dúró?"

Ìwádìí ti ràn mí lọ́wọ́ o.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti rí ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀, mi ò lè fà á yọ. Ẹnu, mo lè pa á dé. Láti òní lọ, mi ò ní sọ̀rọ̀ létí ọmọ mi mọ́ títí oṣù keje á fi parí. Tí kò bá gbọ́ ọ, kò ní kọ́ ọ. Rédíò wà, bàbá ẹ̀ wà, ìyá yàrá kejì wà, ẹnu gbogbo wọn ń dán bí abọ́ tuntun. Kó kọ́ tiwọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mi ò sọ nǹkan kan. Ó le.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ìka sókè, wá jẹun. Àtẹ́lẹwọ́, dúró. Ìka lórí ètè, dákẹ́. Tíńtín rò pé eré ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ òní ó ní, "Màámi, bọ́ọ̀lù mi ti bọ́ sínú kọ̀tọ̀." Látòkè délẹ̀, geere, bí omi ẹ̀rọ! Mo fẹ́ pariwo. Mo fi etí aṣọ mi nu ojú mi, mo lọ bá a mú bọ́ọ̀lù.

Ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù keje

Ọmọ Yunifásítì wá gba ohùn mi sórí ẹ̀rọ ìgbohùn. Ó ní, "Aǹtí, tí ìkólòlò yìí bá lọ lónìí, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ṣẹ́kù?" Mo ní ẹni tó bá ṣẹ́kù, kò ní mọ ọ̀nà ilé mi. Ó kọ ìyẹn sílẹ̀, ó tún fa ìlà sábẹ́ ẹ̀.

Mo wá fi iṣẹ́ tí mo ń ṣe lórí Tíńtín yangàn fún un. Ó pa ẹ̀rọ.

"Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohùn yín ló ń ṣe é."

"O ní ẹ̀jẹ̀ ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dákẹ́ fún un, kí lẹ rò pé ó ń rò?"

Mo ní, "Tí o bá bí tìẹ, wá sọ èyí fún mi."

Ó kó ìwé ẹ̀, ó ní òun máa padà wá. Omi ti wà lójú ẹ̀. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi láìhá rárá. Ọ̀rọ̀ burúkú kì í há mi lẹ́nu.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Òòrùn yọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí. A sá aṣọ títí dé orí fẹ́ǹsì ẹlòmíì. Tíńtín ò kólòlò lánàá, kò kólòlò lónìí. Tó bá lọ báyìí, a ti bọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ní láti kọ èyí lálẹ́ yìí.

Ìyá yàrá kejì ló ń bá mi wo Tíńtín tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Tíńtín, kí lọmọ yìí ṣe fún ẹ?"

Mo ní kí ló dé.

"Ọmọ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fún un ní búrẹ́dì, ó nawọ́. Mo bá a wí, ó nawọ́. Lánàá mo di í mú, mo ní ṣé ológbò gbé ahọ́n ẹ lọ ni? Ó wá sọ ọ́ sí mi létí, wúyẹ́wúyẹ́, ó ní, 'Màámi ń b-bínú sí mi torí ẹnu mi.' Kí lo fi ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

Ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tèmi.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, mo ní, "Tí-tí-tí..." Ó yára fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó gbé ìka lé ètè tiẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kò dáhùn. Ó ń wò mí bí ẹni pé wọ́n máa fìyà jẹ mí torí pé mo ń sọ̀rọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n dé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ìyá ọkọ mi, àti Bọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n máa ń bá ẹbí parí ọ̀rọ̀.

Mo ti múra. Láti ọjọ́ mélòó kan ni mo ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ mi níwájú bàsíà aṣọ: mi ò gbà kí ẹ mú ọmọ mi lọ. Aṣọ gbọ́ ọ, ògiri gbọ́ ọ, kò há lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n pe Tíńtín. Wọ́n bi í ní orúkọ ẹ̀. Kò fọhùn. Ìyá ní, "Ẹ wò ó bí ó ṣe kú mọ́ ọn lẹ́nu! Ṣé ẹ tún fẹ́ ẹ̀rí?"

Bọ̀dá Àgbà ní, "Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ sọ tiẹ̀. Ìyàwó, àwa ń gbọ́."

Mo ní, "Mi ò..."

Ó há. Kì í ṣe èyí tó ń dún o, ti odi ni. Ẹnu là, ọ̀nà ọ̀fun tì, afẹ́fẹ́ ò wọlé, kò jáde. Mo ń wo ojú wọn, mo rí i bí àánú ṣe ń kún ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n ṣáà dúró. Kí wọ́n kàn dúró.

Bọ̀dá Àgbà na ọwọ́, wọ́n fi kàn mí léjìká jẹ́jẹ́, wọ́n bá mi parí ẹ̀. "'Mi ò ní nǹkan kan láti sọ.' Àbí? Má fìyà jẹ ara ẹ, ìyàwó wa. A ti gbọ́ ẹ. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Gbogbo wọn ní àmín. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

Èèyàn dáadáa ni Bọ̀dá Àgbà. Ká ní èèyàn burúkú ni, wọn ì bá jókòó kí wọ́n máa wò mí bí mo ṣe ń jìyà, ǹ bá sì ti sọ ọ́ tán.

Wọ́n mú un lọ. Kò sunkún. Ó juwọ́ sí mi.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ síbi iṣẹ́. Mo fọ aṣọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ

Ọkọ mi lọ wò ó, inú ẹ̀ ń dùn bọ̀. Ó ní Tíńtín ti bọ́ o, kò kólòlò lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní, "Kí ló s-s-sọ?"

Ó rò ó. Ó rò ó títí. Ó bọ́ fìlà ẹ̀, ó ní, "Kò sọ nǹkan kan."

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo wọ bọ́ọ̀sì nìkan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo bá ìyá ọkọ mi lórí àga níwájú ilé wọn, wọ́n ń po tíì. Tíńtín wà lórí ẹní. Ó rí mi, ara ẹ̀ fò sókè, àmọ́ ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ màmá àgbà. Ṣíbí ló ń wò. Ó pa ẹnu dé pinpin.

Wọ́n rí i pé mo rí i. Wọ́n ní, "Kò dùn ún o. Tó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo kàn máa ń fi ṣíbí kàn án lẹ́nu. Kó lè rántí ni."

Mo ní, "Ẹ káàsán, mà. M-m-m-mo wá m-m..."

"O wá wò ó. Ó dáa náà."

Mo ní, "Rárá. Mo wá m-m-m..."

"O wá mú nǹkan wá fún un."

"Rárá, mà. Ẹ jẹ́ kí n s-sọ ọ́ tán."

Wọ́n gbé ife tíì sílẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó há lójú kan náà. Ọrùn mi ń fà, itọ́ ń bọ́ lẹ́nu mi, àwọn tó ń kọjá ń dúró wò. Mo jẹ́ kí wọ́n wò. Mi ò yà sápá kan, mi ò wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó rọrùn. Àfìgbà tó jáde: "Mo wá mú ọmọ mi lọ sílé."

Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, Tíńtín ti wọ bàtà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà nínú ti òsì.

Ìyá ò pariwo. Mo rò pé wọ́n máa pariwo. Wọ́n ní, "Mo ní àbúrò ọkùnrin kan. Bí ọmọ yìí ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ ló ṣe ń ṣe. Gbogbo àdúgbò ń sín in jẹ. Ọjọ́ kan ó jáde nílé, ó ní òun ń bọ̀. A ò rí i mọ́ dòní." Wọ́n fi etí aṣọ nu ojú. "Mi ò fẹ́ kó ṣe Tíńtín bẹ́ẹ̀."

Àbúrò wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ti pè mí láti oṣù kẹfà wá yọ sí mi lọ́kàn, èsì sì ti dúró lórí ahọ́n mi, ó mú bí abẹ. Kò há. Èmi ni mo gbé e mì. Mo kúnlẹ̀ fún wọn, mo sì mú ọmọ mi.

Nínú bọ́ọ̀sì, Tíńtín di etí aṣọ mi mú. Kò sọ nǹkan kan.

Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá Tíńtín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó tì í. Títí mo fi ń kọ èyí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó bínú ni àbí ó dúpẹ́. Ìyá yàrá kejì ní òun ò wo ọmọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí òun á fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí yìí. Èmi náà á fẹ́ mọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mo mú Tíńtín dání lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá mi obìnrin ò fẹ́ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ó jáde lọ ra ọṣẹ. Mo gbé Tíńtín sórí àpótí, jìnnà sí iná, mo ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ti ilé ìtura kan, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mo ti dá pa mọ́ látijọ́ yìí ni mo ń sọ. Mo sọ fún un pé mi ò bínú. Mo há níbi "bínú," mo tún un sọ, mo tún há. Mo sọ fún un pé bí ẹnu tèmi ṣe rí nìyí, pé bó ṣe rí nìyẹn kí wọ́n tó bí i, pé mo ti ń sùn, mo ń jí, mo ń jẹun, mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀. Kò dáhùn. Ó ń ju ẹsẹ̀ lára àpótí, gbà, gbà, gbà. Mo gbójú sókè wò ó. Mo ń bá a lọ.

Ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró. Ojú ẹ̀ là. Ó ya ẹnu.

"M-m-m-m..."

Òórùn ti dé imú mi. Mo mọ ohun tó ń jó, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọwọ́ mi wà lórí áyọ́ọ̀nù. Tí mo bá gbé e báyìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti parí nìyẹn, á gbé e mì, mi ò sì mọ ìgbà tó tún máa ya ẹnu.

Mi ò gbé e.

"M-m-màámi," ó ní, èéfín ti ń dé ojú mi, "aṣọ y-y-y-y..."

Mo ń wò ó. Mo ń mi orí sí i jẹ́jẹ́. Kò sí ohun tó ń lé wa.

"...aṣọ yín ń jó!"

Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Mo gbọ́."

Lẹ́yìn náà ni mo wá gbé áyọ́ọ̀nù.